Mo fi ṣúgà àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wá dúdú: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Aṣọ ni mo ń tà ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí. Ìgbéyàwó mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ́ mi pé kí n máa po ṣúgà mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí n máa fi ha ojú láràárọ̀, pé gbogbo òkú awọ á kúrò, ojú á sì máa dán. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó dán lóòótọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹrin báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì ti dúdú, ìpara tí mo ti ń lò látọjọ́ pípẹ́ ń ta mí bí ata, rorẹ́ sì ń yọ níwájú orí mi. Ìyá mi ní n kò fọ ojú náà dáadáa ni, pé kí n fi kànìnkànìn gbo ó. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra scrub gidi, ìpara oníhóró tí wọ́n fi ń ha awọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Dá ṣúgà padà sí ilé ìdáná. Ojú rẹ kò dọ̀tí, ó fara pa ni. Màmá rí dúdú, wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni, ẹni tó bá sì rò pé ìdọ̀tí ni yóò túbọ̀ máa gbo ó, dúdú náà yóò sì túbọ̀ máa pọ̀. Mo ti rí èyí léraléra lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó sì máa ń dùn mí gan-an, torí pé ẹni tó ń ṣe é ń ṣe wàhálà tọkàntọkàn lórí ara rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ti gun Òkè Olúmọ rí, tó bojú wo ìlú nísàlẹ̀, á rántí bí páànù àwọn ilé ṣe gun orí ara wọn lọ súà. Bẹ́ẹ̀ ni òde awọ ènìyàn ṣe rí. Nísàlẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń hù. Wọ́n á máa sún sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa gbẹ bí wọ́n ṣe ń sún, nígbà tí wọ́n bá fi máa dókè, wọ́n ti kú, wọ́n ti rí pẹlẹbẹ, wọ́n á wá tò léra wọn bíi páànù. Èyí tó bá gbó jù nínú wọn á já bọ́ fúnra rẹ̀. Lára ọ̀dọ́, gbogbo èyí máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 28. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń pọ̀ ni ó ń pẹ́ sí i, ìdí nìyẹn tí awọ àgbàlagbà fi máa ń dà bíi pé eruku bà lé e. Òkú awọ là ń pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí omi ara gbẹ, òun náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àìsàn ráyè wọlé. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lo fi ń ṣí páànù lórí ilé láràárọ̀. Ìpara tó ń ta ọ́ yẹn kò yí padà o. Òrùlé tó yẹ kó gbà á dúró ni kò sí mọ́.

Dúdú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ohun kan wà nínú awọ tó ń fún un láwọ̀, mẹ́lánìn ni wọ́n ń pè é, ó sì pọ̀ nínú awọ tiwa. Bí nǹkan bá ti ṣe awọ aláwọ̀ dúdú léṣe, ìbáà ṣe iná, ìbáà ṣe rorẹ́ tí a fi èékánná tẹ̀, ìbáà ṣe ṣúgà tí a fi gbo ó, ṣe ni yóò tú mẹ́lánìn jáde síbẹ̀. Egbò á jinná, dúdú á kù. Òyìnbó tó bá ha ojú jù, ojú rẹ̀ á pọ́n, ó sì lè lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tiwa lè gba oṣù mélòó kan kó tó ṣí. Nítorí náà, ohun tí o bá rí tí òyìnbó ń fi gbo ojú lórí fóònù, má kàn dà á kọ.

Ṣúgà tí à ń fi mu ẹ̀kọ, bó o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, wàá rí i pé igun igun ni. Lórí gìgísẹ̀, kò burú. Lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, igun yẹn ń fa awọ ya, ojú kò kàn ní rí i ni. Ìrẹsì tí a lọ̀ àti èèpo ẹyin tí a gún, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló wá burú jù. Ó kan ju bí awọ ṣe fẹ́ lọ fíìfíì, àti pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí oòrùn máa ń bá jà: bí omi rẹ̀ bá wà lára, tí oòrùn pa á, awọ lè jóná, ó tilẹ̀ lè lé ròrò lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìwọ ń fi í ha ojú láàárọ̀, o wá ń lọ jókòó sínú oòrùn Kútọ̀.

Ọ̀rọ̀ kànìnkànìn tí Màmá sọ, mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà láìmọ̀. Àwọn tó ń ta scrub máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé Yorùbá kò ṣí òkú awọ kúrò lára rí. Kí wá ni kànìnkànìn ń ṣe láti ayé àwọn baba ńlá wa? Kí ni osùn tí wọ́n ń fi pa ara ìyàwó àti ọmọ tuntun, tí wọ́n tún ń fọ̀ kúrò? Ẹni tó bá ń fi kànìnkànìn wẹ̀ lójoojúmọ́ ti ń ha ara lójoojúmọ́. Bó bá tún wá ra scrub lé e, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Fún ara, kànìnkànìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó. Láwọn ọjọ́ yòókù, ọwọ́ àti ọṣẹ ti tó. Nígbà ọyẹ́, dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan. Fún ojú, mi ò fẹ́ kànìnkànìn rárá, ì báà jẹ́ ti ìbílẹ̀ tàbí ti nẹ́ẹ̀tì.

Kànìnkànìn kì í sì í ṣe ohun tí gbogbo ilé ń pín lò. Mo mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú báfùróòmù, tí bàbá, ìyá àtọmọ jọ ń lò. Làpálàpá àti kúrúnà ń gba ibẹ̀ rin láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Kí kálukú ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ìwẹ̀, fún un gbẹ, kó o sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èyí tó bá ń wà nínú omi nínú abọ́ ọṣẹ láti àárọ̀ dalẹ́, kòkòrò ló ń sìn. Bó bá ti ń rùn, tàbí tó ti ń já, jù ú nù.

Ọṣẹ dúdú náà, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n eérú ló ń fún un lágbára, òdìkejì ohun tó kan sì ni eérú, bẹ́ẹ̀ awọ ẹni fẹ́ràn ohun tó kan díẹ̀. Fi wẹ̀, kó o ṣàn án kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Má fi kun ojú títí á fi gbẹ, pàápàá ní báyìí.

Ohun kan tún wà tí mo ní láti bi ọ́. Àwọn kan máa ń pe ṣíṣí òkú awọ ní bíbó ara, ọ̀rọ̀ yìí sì ti kó àwọn èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Bíbóra ni ká fi kẹ́míkà sọ àwọ̀ ara di pupa. Ìpara wo ló ń ta ọ́ yẹn? Ṣé inú ike tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC ló wà, àbí èyí tí wọ́n pò fún ọ lọ́jà ni? Ọ̀pọ̀ ìpara àpòpọ̀ ló ní oògùn steroid nínú, irú èyí tí dókítà máa ń kọ fún àìsàn awọ fún ìgbà díẹ̀. Ó máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò sì gba híha rárá. Bó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ lo ti ń lò fún oṣù púpọ̀, má dá a dúró lójijì fúnra rẹ, torí ojú lè wú kó sì pọ́n gan-an. Mú ike náà dání lọ rí dókítà awọ, kí wọ́n bá ọ já a díẹ̀díẹ̀.

Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí wàá ṣe nìyí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, má ha ojú, má fi ọsàn kàn án, má fi ohun tuntun kankan dán an wò. Fi omi tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú náà gbẹ, má nù ún. Kí ó tó gbẹ tán ni kó o ti fi ìpara tí kò ní òórùn dídùn pa á. Òrí tó mọ́, tín-ín-rín, dára. N kò ní fi òróró àgbọn sí ojú rẹ báyìí, torí ó máa ń dí ihò awọ fún àwọn kan, rorẹ́ rẹ yóò sì pọ̀ sí i.

Láàárọ̀, lo sunscreen, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, tí nọ́ńbà SPF ara rẹ̀ jẹ́ 30 ó kéré tán. Mo mọ̀ pé wọn á ní aláwọ̀ dúdú kò nílò rẹ̀. Òótọ́ ni pé awọ wa kì í tètè jóná bíi ti òyìnbó, ṣùgbọ́n oòrùn ló ń mú kí àpá dúdú máa dúdú sí i. Fa á sórí ìka méjì láti ìdí dé orí, ìwọ̀n tó tó ojú àti ọrùn nìyẹn. Bí o bá wà níta, tún un kùn lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì. Bó bá ṣe ojú funfun bí ẹfun, wá oríṣi mìíràn, wọ́n ti ń ṣe èyí tí kì í hàn lára wa. Gbé agbòòrùn dání pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ìpara kò bá ta ọ́ mọ́, a lè wá sọ̀rọ̀ òkú awọ. Ohun tí màá yàn fún ọ kò ní hóró nínú rárá. Àwọn ásíìdì kan wà tó máa ń tú ohun tó so òkú awọ mọ́ra wọn bíi gọ́ọ̀mù, tí á sì máa bọ́ láìsí gbígbo. Lactic acid wà lára wọn, òun ló ń mú wàrà kan. Glycolic acid náà wà, inú ìrèké la ti ń rí i, ó sì máa ń ta ju lactic lọ. Salicylic acid ní tirẹ̀ máa ń wọnú ihò awọ lọ, ó dára fún awọ tó ń yọ òróró. Èyí tó jẹ́ ìdá 2 nínú 100 ni kó o má ṣe kọjá láìjẹ́ pé dókítà ló ní kó o lò ó. Fún ìwọ, lactic acid ìdá 5 nínú 100. Kọ́kọ́ fi díẹ̀ sẹ́yìn etí, kó o dúró fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá yún ọ, tí kò pọ́n, lò ó lálẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kẹrin, àti ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ karùn-ún. Má lò ó lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀mejì péré nìyẹn, ó sì tó. Àwọn ásíìdì bíi lactic àti glycolic ń mú kí oòrùn tètè pa awọ, agbára yẹn sì lè kù níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó o bá dá a dúró, nítorí náà, má fi sunscreen sílẹ̀ títí ọjọ́ á fi pé. Lálẹ́ tó o bá lò ó, má fá irun ojú, má jẹ́ kí wọ́n fi òwú yọ ọ́, má sì lo ìpara retinol, èyí tí wọ́n fi irú fítámì A kan ṣe. Bó o bá sì lóyún lẹ́yìn ìgbéyàwó, fi gbogbo ohun tó ò ń fi pa ojú han dókítà. Retinol ní tirẹ̀, ìwọ jù ú sílẹ̀.

Scrub tí ọ̀rẹ́ rẹ ní kó o rà, bó bá jẹ́ pé ara lo fẹ́ fi í fọ̀, kò burú, àmọ́ yẹra fún èyí tó ní hóró ike wẹ́wẹ́ nínú. Amẹ́ríkà ti ṣòfin lòdì sí i lọ́dún 2015, torí kì í jẹrà. Ibi tí omi ìwẹ̀ bá ṣàn gbà lòun náà ń gbà, níbí, ọ̀nà Odò Ògùn nìyẹn.

Gìgísẹ̀ rẹ, bí o bá fẹ́ kó hàn nínú bàtà ìyàwó, rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fi òkúta ìfọsẹ̀ ha á jẹ́jẹ́, kó o fi òrí pa á, kó o wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Má jẹ́ kí àwọn tó ń gé èékánná kiri ọjà fi abẹ bó ẹsẹ̀ rẹ. Abẹ tó ti kan ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá ní àtọ̀gbẹ, ẹsẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń ha rárá. Ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Dúdú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn lè má tíì lọ tán lọ́jọ́ náà, mi ò ní tàn ọ́. Ata tó ń ta ọ́ á ti lọ, rorẹ́ á ti rọlẹ̀, ojú á sì gba àtíkè dáadáa. Sọ fún ẹni tó máa kun ojú rẹ pé kó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kó tó fi kàn ọ́, kí ó sì wá bá ọ ṣe é wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó má jẹ́ pé ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an lẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun tó gbé wá ń yún ọ. Bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó lálẹ́ ọjọ́ náà, fọ gbogbo rẹ̀ kúrò kó o tó sùn.