Èsì: Ọmọ tó ń sunkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́
Ẹ kú àníyàn ọmọ o, Mọ́mì. Ẹ ní ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kàwé lókè òkun ń sunkún lórí fóònù lálaalẹ́, ṣé kí ẹ mú un padà wálé? Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí aago ibẹ̀ bá fi wákàtí 6 yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ yín, ó lè tó nǹkan bí ọjọ́ 6 kí ara tó mọ́ ọn; àìsùndáadáa tí ìyàtọ̀ aago yẹn ń fà wà lára ohun tó ń fa ẹkún. Alẹ́ ni àárò ilé máa ń mú jù, torí náà ọ̀sán ni kí ẹ máa pè é, lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ má bi í pé “ṣé o tún sunkún?” Ẹ bi í ní ẹni tí wọ́n jọ jẹun. Tó bá kọ oúnjẹ, tí kò lọ sí kíláàsì mọ́, ẹ pe alábòójútó ilé ibùgbé wọn lọ́jọ́ náà gan-an.