Ẹ má tíì wọgbó lọ wá ìràwọ̀ tó já yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní iná aláwọ̀ ewé kan la ojú ọ̀run kọjá bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, pé ẹ̀yìn ilé ìwé tó wà nítòsí yín gan-an ló já sí, ẹ sì fẹ́ lọ wá a láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá tèmi.

Oko bàbá mi lọ́nà Ìṣẹ́yìn ni mo wà. Mo ń di ẹ̀gẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ni òjìji mi ṣàdédé yọ sílẹ̀ níwájú mi, ó sì ń yí lọ. Mo gbójú sókè. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ju òṣùpá lọ ń sáré lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, ó fọ́ sí mẹ́ta, ó wọlẹ̀ sẹ́yìn ìrókò tó wà ní ìpẹ̀kun oko. Mo lè búra pé kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Èmi àti àbúrò mi ṣán igbó títí ọwọ́ wa fi bó. Òkúta dúdú tí mo gbé wálé, òkúta odò lásán ni.

Kì í ṣe ìràwọ̀ gidi ló ń já, òkúta láti òfúrufú ni. Nǹkan bíi kìlómítà 80 sí 100 lókè ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jó, èyí tó pọ̀ jù lọ ló sì ń di eruku kó tó kanlẹ̀. Èyí tí mo rò pé ó bọ́ sẹ́yìn ìrókò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òkè orílẹ̀-èdè Benin ló kú sí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo sáré kígbe lọ sílé, kálukú fi tirẹ̀ kún un, ẹnìkan ní ó pupa, ẹnìkan ní ó dún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mi ò mọ èyí tí mo fojú ara mi rí mọ́.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹlòmíì, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ dúró sí gan-an. Ẹ na apá yín tààrà, kẹ́ ẹ di ìkúùkù: ìbú rẹ̀ tó bíi dígírì 10. Ẹ fi ka bó ṣe ga tó níbi tó ti yọ àti ibi tó ti kú. Ẹ kọ aago sílẹ̀, àti apá ibi tó kọjú sí. International Meteor Organization, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tó ń já, ń gba irú ìròyìn yìí láti ibikíbi láyé. Bí ẹnìkan nílùú míì bá kọ tirẹ̀ náà, wọ́n á lè mọ ọ̀nà tó gbà.

Ti ariwo ńkọ́? Ohùn máa ń lo bíi ìṣẹ́jú àáyá 3 lórí kìlómítà 1, ó lè pẹ́ kó tó dé. Ní Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà, lọ́jọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013, ọ̀pọ̀ èèyàn rí ìmọ́lẹ̀ irú òkúta bẹ́ẹ̀, wọ́n sáré lọ wòran lójú fèrèsé, ìgbà tí ìró náà dé ni gíláàsì fọ́ lù wọ́n. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tó fara pa.

Ẹ̀gbọ́n, ìkúùkù mélòó ló fi ga ju òrùlé ilé ìwé yẹn lọ nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i?