Ìpolówó oògùn ìjù ń tẹ̀lé mi kiri

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, aṣọ òkè àti léèsì ni mò ń tà. Ní oṣù tó kọjá, dókítà sọ fún mi pé mo ní ìjù (fibroid). Mo délé, mo fi fóònù wá ohun tí ìjù jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù tí mo bá yà sí, ìpolówó oògùn ìjù ni. Lọ́jọ́ Àìkú, mo na fóònù sí ìyàwó àbúrò ọkọ mi kó wo léèsì tuntun, ohun tó kọ́kọ́ yọ sí i ni "Ìjù á yọ́ láìsí iṣẹ́ abẹ." Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ mi. Ṣé fóònù mi ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ ni? Báwo ni mo ṣe lè lé wọn lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà. Ẹẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, nítorí irú rẹ̀ ti ṣe mí rí. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn kíndìnrín, èmi ni mo máa ń fi fóònù wá ohun tó yẹ kí wọ́n jẹ àti ohun tí kò yẹ. A sin wọ́n tán, mo ti Ìlọrin padà sí Àbújá, ìpolówó àgbo kíndìnrín kò kúrò lójú mi fún oṣù mẹ́rin gbáko. Mo lè máa wo iye owó sìmẹ́ǹtì, àwòrán kíndìnrín á yọ. Ibi ìtúnfóònùṣe ni mo ti ń jẹun ní Wuse, síbẹ̀ n kò tíì jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi dun mí dé ọkàn.

Ẹ má rò pé ẹnì kan ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ti tó wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ lọ sí ọjà Wuse. Ẹ yà sí ìsọ̀ aláṣọ, ẹ yà sí ìsọ̀ oníkòkò, ẹ wá yà sí ìsọ̀ olóògùn. Ẹ rò pé ọlọ́jà nìkan lẹ bá pàdé. Àṣé ọmọkùnrin kan dúró sí igun ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń jíṣẹ́ fún. Ẹni àkọ́kọ́ rọra lẹ nọ́ńbà kan mọ́ yín lẹ́yìn. Àwọn tó kù kò mọ orúkọ yín, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀: ẹni báyìí yẹ léèsì wò, ẹni báyìí béèrè nípa ìjù. Kí ẹ tó délé, ìwé ti kún lọ́wọ́ ọ̀gá.

Nọ́ńbà náà ni wọ́n ń pè ní kúkì. Kúkì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun búburú. Lou Montulli ló gbé e kalẹ̀ ní 1994 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, kí ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì lè rántí ohun tí oníbàárà ti kó sínú agbọ̀n. Òun náà ló ń jẹ́ kí ìkànnì dá yín mọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé. Ti ẹni kẹta ló ń da ènìyàn láàmú, ti àwọn tí ẹ kò bá dá nǹkan kan pọ̀ tí wọ́n dúró sí igun ìsọ̀.

Ẹ wá ìdajì wákàtí kan tí ọjà bá dá. Bí ó bá jẹ́ Chrome lẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì (irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní browser), ẹ tẹ àmì kéékèèké mẹ́ta tó tò léra wọn lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ wá "Delete browsing data." Ẹ mú "All time," kí ẹ sì jẹ́ kí "Cookies and site data" wà lára ohun tí yóò pa rẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan "Passwords" rárá. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ni yóò ní kí ẹ tún wọlé lẹ́yìn èyí, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ tún wọ Settings, Privacy and security, Third-party cookies, kí ẹ dí ti ẹni kẹta pa. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìdí i, nọ́ńbà tuntun ni wọn yóò tún lẹ̀ mọ́ yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi ò dúró síbẹ̀ o. Firefox ni mò ń lò báyìí. Nínú Settings rẹ̀, Enhanced Tracking Protection wà níbẹ̀, mo gbé e sí Strict. Lánàá ni mo fi fóònù àlòkù kan ṣí ojú ewé ìròyìn kan ṣoṣo, mo tẹ àmì asà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, mo ka orúkọ àwọn amí tí Firefox dí lọ́nà. Mọ́kànlá! Ìròyìn òjò tó wó òrùlé ni mo fẹ́ kà. Firefox náà a máa fi ìwífún díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é nípa bí a ṣe ń lò ó. Mo wọ "Data collection," mo pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ kúrò nínú browser wàyí, ẹ wọ Settings fóònù fúnra rẹ̀, ẹ tẹ Google, lẹ́yìn náà Ads, kí ẹ pa "advertising ID" rẹ́. Nọ́ńbà mìíràn nìyẹn, èyí tí àwọn áàpù fi ń dá yín mọ̀. Nínú àkáǹtì Google yín, ẹ wá "Web & App Activity," ibẹ̀ ni ìbéèrè tí ẹ bi í nípa ìjù ṣì wà. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ ("Turn off") kí ó má tún tọ́jú òmíràn.

Ìpolówó kò ní tán o. Wọn yóò máa polówó máàgì àti ilẹ̀ fún yín bíi ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ara yín kò ní máa jáde mọ́. Facebook yàtọ̀: orúkọ yín lẹ fi wọlé síbẹ̀, ohun tí ẹ bá wá nínú rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ àìsàn níbẹ̀.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ààbò ìwífún Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ìwífún ẹlẹgẹ́, ó sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí wọ́n má fi ìwífún yín polówó ọjà fún yín. Àjọ tó ń bójú tó o, NDPC, wà níbí ní Àbújá, ẹ lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí wọn. Nàìjíríà ti fọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ yìí rí: ní July 2024, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, lórí bó ṣe ń lo ìwífún àwa ọmọ Nàìjíríà.

Ẹ jọ̀ọ́, oògùn tó ń yọ́ ìjù yẹn, ẹ má rà á. Ọ̀dọ̀ dókítà yín ni kí ẹ padà sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kaduna ni mo ti ń sìnrú ìlú. Incognito, ojú ewé ìkọ̀kọ̀ inú Chrome, ni mò ń lò lórí Wi-Fi ọ́fíìsì. Ṣé ó ti tó?

ÌDÁHÙN: Kò tó, àbúrò. Ohun tí Incognito ń ṣe ni pé kì í tọ́jú ìtàn ibi tí o lọ sínú fóònù rẹ, ó sì ń da kúkì nù tí o bá ti tì í. Ìkànnì tí o lọ rí ọ. Ẹni tó ni Wi-Fi ọ́fíìsì ṣì lè mọ ìkànnì tí o lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí Incognito yìí ní 2020, nígbà tó sì di 2024, Google gbà láti pa òbítíbitì àkọsílẹ̀ rẹ́. Bí o bá ń wá iṣẹ́ mìíràn, dátà tìrẹ ni kí o fi wá a.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Minna. Ìwé ìròyìn nìkan ni mò ń kà, síbẹ̀ dátà mi kì í pẹ́ tán. Kí ló ń jẹ ẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìsinmi, bàbá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà kéré. Àwòrán ìpolówó, fídíò tó ń dá ṣeré, àti àwọn amí tí mo sọ lókè, ẹ̀yin lẹ ń fi dátà yín gbé gbogbo wọn wọlé. Kí ọmọ yín fi Firefox sórí fóònù, kí ó wọ Extensions, kí ó fi uBlock Origin, ohun tó ń dí ìpolówó àti amí lọ́nà, sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Chrome orí fóònù Android kì í gbà á, ìdí nìyẹn tí mo fi ní Firefox. Ohun tí uBlock bá dí lọ́nà kì í wọlé rárá, kò sì ní jẹ dátà yín. Bí ojú ewé kan bá kọ̀ tí kò ṣí dáadáa, kí ó pa uBlock lórí ìkànnì yẹn nìkan, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.