Laptop tó ń gbóná lẹ́yìn Windows 11: ẹ má tíì ra bátìrì

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè láti Ọ̀fà. Ẹ ní látìgbà tẹ́ ẹ ti kúrò lórí Windows 10 bọ́ sí 11 ni laptop yín ti ń gbóná janjan, bátìrì ò lo wákàtí méjì mọ́, oníṣẹ́ sì ní kẹ́ ẹ ra tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ owó.

Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ò ṣeé fi ṣèdájọ́. Windows tuntun máa ń ka gbogbo fáìlì inú ẹ̀rọ lábẹ́lẹ̀, á tún máa fa update. Ẹ fi í sórí iná kó ṣe é tán. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, iṣẹ́ yẹn kì í tètè parí, ìyẹn ló ń mú kí ooru náà pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, ìyẹn ojú ìwé tó ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ hàn, kẹ́ ẹ tẹ CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ). Tó bá jẹ́ Microsoft Windows Search Indexer, ètò tó ń ka fáìlì yẹn, ló wà lókè, ẹ ní sùúrù.

Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ yẹ bátìrì wò. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport, ẹ tẹ Enter. Yóò sọ ibi tó tọ́jú fáìlì náà sí. Ẹ fi DESIGN CAPACITY (agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun) wé FULL CHARGE CAPACITY (èyí tó lè gbà báyìí). Tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 45,000 mWh, tí èkejì jẹ́ 40,000, bátìrì yín le. Tó bá jẹ́ 22,000, ó ti gbó kí Windows 11 tó dé. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ra òmíràn.

Bí bátìrì bá le, ẹ lọ sí Device Manager, ẹ ṣí Display adapters. Tẹ́ ẹ bá rí Microsoft Basic Display Adapter níbẹ̀, ọwọ́ ti tẹ olè: driver tòótọ́ (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lo ẹ̀yà tó ń ya àwòrán) ti sọnù, CPU ló wá ń dá ya gbogbo àwòrán. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà nídìí laptop wá driver graphics (ti àwòrán) àti chipset (ti bọ́ọ̀dù) lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ má ṣe update BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí) bí bátìrì ò bá gbé iná dúró o. Tí iná bá lọ láàárín, bọ́ọ̀dù lè kú pátápátá. Bí kò bá tíì pé ọjọ́ 10 tẹ́ ẹ bọ́ sí 11, Go back, tó ń dá yín padà sí Windows 10, wà ní Recovery nínú Settings, ṣùgbọ́n Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, kò wù mí kẹ́ ẹ padà síbẹ̀.

Eruku ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, ó máa ń dí ojú irin tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn gbà. Kẹ́ni tó bá máa ṣí i kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì, kó fi nǹkan di abẹ fáànù mú kó tó fẹ́ ẹ, kó nu thermal paste (ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lára CPU) àtijọ́ kúrò, kó sì fi tuntun sí i, ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan.

Ohun tí kò gba ìdúró ni bátìrì tó wú: touchpad á ga sókè, ìdérí ò ní pa dé. Ẹ yọ ṣájà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.