Ìgbafẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù nílẹ̀ Okun: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àbúrò wa ní Kabba. Mo ti fara balẹ̀ ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ jẹ́ ìwọ̀nba ọ̀dọ́ tó ń ṣẹ̀dá géèmù orí fóònù àti ti kọ̀ǹpútà láàárín Kabba, Ìyàrà àti Mọ̀pà nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, pé ẹ rí i bí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lókè òkun ṣe máa ń kóra jọ sórí pápá láti jẹ, láti mu, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn han ara wọn nígbà tí ooru bá mú lọ́dọ̀ wọn, ẹ sì fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nínú oṣù Keje lẹ́bàá odò tàbí lórí òkè. Mo ti wà lára àwọn tó ṣètò irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Yàgbà, mo sì ti bá wọn dá sí èyí tí wọ́n ṣe ní Lọ́kọ́ja pẹ̀lú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má ṣe ìgbafẹ́ yìí fún ara yín nìkan. Ẹ ṣe é fún ọwọ́ àti fóònù àwọn ará ìlú tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe géèmù, kí ẹ sì jẹ́ kí àkókò, ibi ìpàdé, oúnjẹ àti iná mànàmáná tẹ̀ lé èrò náà.

Ẹ kọ́kọ́ gbé oṣù Keje sílẹ̀. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ tí wọ́n ń pè ní ìgbà ooru lọ́hùn-ún, àárín òjò ló bọ́ sí lọ́dọ̀ tiwa. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ nílẹ̀ Okun, ìsinmi ráńpẹ́ tí òjò sì máa ń gbà láàárín oṣù Kẹjọ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi owó kánópì lé lórí. Mo ti rí kánópì tí a yá tí omi òjò kó jọ sí ìkòríta aṣọ rẹ̀, tó wú wálẹ̀ bí ikùn aláboyún, tí àwọn géńdé ń fi igi tì í láti ìsàlẹ̀ kí omi lè dà síta, tí ẹnì kan sì fi agbádá rẹ̀ bo láptọ́ọ̀pù mẹ́ta pa pọ̀. Kò sí ẹni tó rántí géèmù kankan lọ́jọ́ náà. Sátidé kan láàárín oṣù Kọkànlá ló dára jù ní ojú tèmi: òjò ti lọ, ọyẹ́ kò tíì kó eruku dé púpọ̀, iṣu tuntun kún ọjà, ìgbéyàwó oṣù Kejìlá kò sì tíì gba gbogbo àga àti kánópì ìlú tán. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà ìlú tí ẹ ó lò kí ẹ tó kéde, nítorí ẹni tó ń tajà kò ní fi ọjà sílẹ̀ nítorí géèmù, ẹ sì tètè san owó àga, nítorí ìsìnkú kò ní sọ fún yín kó tó dé.

Ní ti ibi ìpàdé, mo mọ̀ pé òkè dùn ún wò. Ẹni tó bá ti gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, tó ti dúró wo ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, yóò mọ ìdí tí ọkàn yín fi ń fà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà wa ṣe rí láyé òde òní. Ẹ kò gbọ́dọ̀ kó ọmọ ọlọ́mọ tí láptọ́ọ̀pù àti fóònù wà lọ́wọ́ wọn lọ sí ibi tó dá, yálà òkè ni tàbí bèbè odò. Pápá ilé ẹ̀kọ́ tó wà láàárín ìlú, tó ní igi máńgòrò ńlá, ni kí ẹ wá. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwé, ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ tàbí ọba gbọ́ láti ẹnu yín, ẹ sì sọ fún àwọn ọdẹ àti fijilánté àdúgbò kí wọ́n má bàa rí èrò lójijì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí aago mẹ́ta ọ̀sán sì bá yín lẹ́nu ìpalẹ̀mọ́, kí àwọn tó wá láti Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ojo. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a ń sọ.

Igi máńgòrò tí mo dárúkọ yẹn, kì í ṣe nítorí afẹ́fẹ́ tútù nìkan. Oòrùn máa ń pa géèmù. Géèmù kan wà tí ọmọkùnrin kan ṣe, tí gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ń wáyé lóru nínú igbó, ó sì dára gan-an nínú yàrá. Nígbà tó di ọ̀sán gangan lórí pápá, ojú ara wọn nìkan ni àwọn èèyàn ń rí nínú gíláàsì fóònù. Fóònù tí oòrùn bá sì ti mú gbóná máa ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ àti ìyára iṣẹ́ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ó má bàa bàjẹ́, géèmù yóò wá máa fà, ẹni tó ń fi í ṣeré yóò sì rò pé ẹ kò mọ iṣẹ́. Ẹ wà lábẹ́ ibòji, àmọ́ ẹ mú ẹnì kan tàbí ẹni méjì jáde sínú oòrùn pẹ̀lú fóònù kí ẹ lè mọ ohun tí oníbàárà yín yóò rí ní ibùdókọ̀.

Ta ni kí ẹ pè? Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé wọn. Dúrọ́ọ̀ wọn kún fún Itel àti Tecno àtijọ́ tí kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú yín, èyí tí ibi ìpamọ́ rẹ̀ ti kún, tí ojú rẹ̀ ti là, tí Android rẹ̀ sì ti pẹ́. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará ìlú, géèmù tí kò bá sì lè ṣí lórí rẹ̀ kò tíì parí. Lẹ́yìn wọn, ẹ pe àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn ọlọ́kadà, àwọn ìyá tó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, àti àwọn àgbà díẹ̀. Àwọn àgbà kò ní jókòó ti fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí náà ẹ gbé ọpọ́n ayò síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ta tiwọn.

Níbi ọpọ́n ayò yìí ni mo ti rí ohun tó níye lórí jù nínú gbogbo ìpéjọ tí mo bá wọn ṣe. Ọmọbìnrin kan ti ṣe ayò sórí fóònù: ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ pé. Bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ẹni mẹ́ta ní ọpọ́n gba fóònù náà, ó tẹ ihò kan, ọmọ ayò sì tú yíká kí ó tó ṣẹ́jú. Ó gbé fóònù padà fún un, ó ní màgòmágó ni. Ọmọbìnrin náà fẹ́ ṣàlàyé pé ìṣirò náà tọ́, a fi ọwọ́ dá a dúró. Bàbá yìí kò rí ibi tí ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan gbà. Lójú tirẹ̀, fóònù náà ń tọwọ́ bọ ihò nígbà tí òun kò wò. Ọmọbìnrin náà dín eré rẹ̀ kù níbẹ̀, ó jẹ́ kí ọmọ ayò máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìró, bàbá náà sì ta á títí oúnjẹ fi dé. Kò sí olùkọ́ kóòdù tí ì bá rí àléébù yẹn.

Nítorí èyí, ẹ fi òfin kan lélẹ̀: ẹni tó ni géèmù kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí àlejò bá ń ta á. Kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kó máa kọ ohun tó rí sínú ìwé: ibi tí àlejò kọ́kọ́ tẹ̀, ibi tó dúró sí, ìgbà tó fi fóònù sílẹ̀. Ó le púpọ̀, ẹnu máa ń yún èèyàn. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn Godot àti Unity, àwọn irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣẹ̀dá géèmù, gba ọ̀sán mọ́ yín lọ́wọ́. Láti ìgbà tí Unity ti kéde nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 pé òun yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí wọ́n bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ, tó sì wọ́gi lé e ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, kò sí ibi tí àwọn tó ń ṣe géèmù ti pàdé tí ọ̀rọ̀ náà kì í jẹ yọ. Ẹ gbé e dé alẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó kọ géèmù tuntun láàárín ọjọ́ díẹ̀, Global Game Jam ń wáyé nínú oṣù Kìn-ín-ní lọ́dọọdún láti ọdún 2009. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti orí pápá.

Oúnjẹ kò le. Ẹ má gún iyán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bínú sí mi nílẹ̀ Okun nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ tó ti wọ ọbẹ̀ kò ṣe é fi ta géèmù, àkàrà pàápàá ń fi òróró sílẹ̀ lójú fóònù títí tí ìka kò fi ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Iṣu sísun, ẹ̀pà, ọsàn tí wọ́n ti bó, mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ṣíbí, àti omi tútù tó pọ̀. Kí aṣọ ìnujú wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan.

Ní ti iná, ẹ má gbára lé jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn géèmù, epo sì wọ́n. Páwà báǹkì tí ẹ ti gba agbára sí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tó fún fóònù, ẹ̀rọ ìnfátà kékeré kan sì tó fún láptọ́ọ̀pù méjì. Olóṣèlú kan fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ nígbà kan: ó fi jẹnẹrétọ̀, àpótí ohùn gìrìwò àti kánópì tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn aago méjì, a sì fi gbogbo géèmù sílẹ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Owó kékeré tí ẹ bá dá láàárín ara yín sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ Google Play, ìyẹn Play Store tí àwọn tó ní fóònù Android ti ń gba géèmù. Òun ni mo fi ń tẹnu mọ́ oṣù Kọkànlá. Yàtọ̀ sí dọ́là 25 tí ẹ ó san lẹ́ẹ̀kan péré láti ṣí àkáǹtì tí ẹ ó fi gbé géèmù síbẹ̀, ẹni tó bá ṣí àkáǹtì aládàáni lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2023 gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ènìyàn 12 tó gbà láti dán géèmù náà wò fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́dúró, kí ó tó lè tọrọ àyè láti gbé e síta fún gbogbo ènìyàn. Ènìyàn 20 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni géèmù wọn há síbi tí wọ́n ti ń wá ènìyàn 12 yìí, tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ àjèjì lórí WhatsApp. Ìgbafẹ́ yín yóò kó wọn jọ fún yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí ẹ bá múra sílẹ̀. Ẹ fi géèmù ránṣẹ́ sí Google fún àyẹ̀wò ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí ìlìǹkì ìdánwò kò ní ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yan ẹnì kan sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà tí yóò máa gba àdírẹ́sì Gmail. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ tiwọn. Kó ṣí Play Store fún wọn, kó tẹ àwòrán kékeré tó wà ní igun òkè, yóò rí i níbẹ̀. Géèmù tí ẹ bá fi Bluetooth ránṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò yìí, Play Store ni wọn yóò ti gbà á, nítorí náà ẹ ra dátà sórí fóònù kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta máa gbà á, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má bàa kú.

Ẹ má dúró sí 12 gangan. Ẹ kọ orúkọ tó tó 20 sílẹ̀, nítorí àwọn kan yóò jáde kúrò nínú ìdánwò kí ọjọ́ 14 tó pé. Ẹ pè wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ta á dé. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọrọ àyè láti gbé e síta, Google yóò béèrè ohun tí àwọn adánwò sọ àti ohun tí ẹ tún ṣe. Ìwé tí ẹ kọ lábẹ́ igi máńgòrò ni ẹ ó ti rí ìdáhùn. Bí ìgbafẹ́ bá wáyé láàárín oṣù Kọkànlá, ọjọ́ 14 yóò pé kí oṣù Kejìlá tó jìnnà, àyè yóò sì wà fún àyẹ̀wò Google kí àwọn ará wa láti Èkó àti Àbújá tó wálé ọdún. Bí ẹ bá ti mú Sátidé kan, ẹ kọ ọ́ síbí, kí n bá yín bá oníkánópì tí mo mọ̀ ní Kabba sọ̀rọ̀ kí ó tó gba owó kánópì ìgbéyàwó lọ́wọ́ ẹlòmíràn.