Páànù Ńlá Kọ́ Ló Ń Gbé Wáìfáì Dé Ilé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà, mo ní ìsọ̀ pákó ní Òkè-Àgbò. Inú ìsọ̀ ni ráútà mi wà, ilé mi ò sì ju nǹkan bí mítà 80 síbẹ̀ lọ, àmọ́ Wáìfáì kì í délé dáadáa. Mo fi páànù alumíníọ́mù ṣe antẹ́nà patch, ìyẹn antẹ́nà onípáànù pẹlẹbẹ, 20 sẹ̀ntímítà níbùú lóròó, mo so wáyà tẹlifíṣọ̀n mọ́ àárín rẹ̀ gan-an. Kò yí nǹkan kan padà. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ní ó kéré ni, kí n sọ ọ́ di 40 kó lè fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ ni, àbúrò mi. Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ bi mí. Láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fáwọn èèyàn: "fẹ̀ ẹ́ sí i." Ó ti sú mi.

Antẹ́nà kì í fa nǹkan kan. Kò ní bátìrì, kò sì lè bí agbára tí ráútà ò fún un. Gbogbo ohun tí patch tó dára lè ṣe ni pé kó kó agbára tó ń fọ́n káàkiri jọ sí ìhà kan, ìdí nìyẹn tá a fi ń kọjú rẹ̀ síbi tá a fẹ́ kó lọ. Títóbi páànù kò fi agbára kún un. Gígùn rẹ̀ ló ń pinnu fíríkúẹ́ńsì tó máa bá ṣiṣẹ́, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì rédíò ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wo agogo ẹlẹ́nu méjì: ẹnu ńlá kò tìtorí pé ó tóbi dún ju kékeré lọ, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé jáde. Ohun tí ẹni yẹn ní kó o ṣe nìyẹn, kó o máa fa ohùn sísàlẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wáìfáì rẹ wà láàárín 2400 sí 2483.5 MHz (MHz kan jẹ́ mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìgbì rẹ̀ gùn tó mílímítà 122, ìdajì rẹ̀, 61, ni patch ń wá. Ṣùgbọ́n a kì í gé 61 gan-an, nítorí ìgbì náà máa ń yọ díẹ̀ kọjá etí páànù ní ìhà méjèèjì. Bí àlàfo mílímítà 5 bá wà láàárín òun àti páànù kejì tó máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, gígùn rẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bí 54. (O ò sọ bóyá o fi páànù kankan sẹ́yìn. Mo gbà pé ó wà, torí láìsí i kì í ṣe patch rárá.) Tìrẹ jẹ́ 200, nǹkan bí 720 MHz ló wà. Sọ ọ́ di 400, ó di nǹkan bí 370. Ó lè ṣèèṣì gbà díẹ̀ níbòmíràn, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́.

Ẹlòmíràn á ní òun rí mílímítà 29 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò purọ́, ti FR4, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń to ẹ̀yà ẹ̀rọ sí, tó nípọn ní mílímítà 1.6 nìyẹn, torí ohun tó bá wà láàárín páànù méjèèjì máa ń ké ìgbì kúrú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé FR4 kan ò jọ èkejì. Iye εr rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ké ìgbì kúrú tó, lè jẹ́ 4.2 lára ọ̀kan, kó jẹ́ 4.6 lára òmíràn, ìyàtọ̀ yẹn nìkan sì lè sún antẹ́nà ní bíi 100 MHz, bẹ́ẹ̀ gbogbo àyè Wáìfáì yẹn ò ju 83.5 lọ. FR4 tún máa ń jẹ lára agbára náà, ó ń sọ ọ́ di ooru. Afẹ́fẹ́ ò jẹ nǹkan kan, kò sì lówó lórí.

Nítorí náà, wá bàbà tàbí idẹ pẹlẹbẹ, torí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà kì í mú alumíníọ́mù. Gé e sí 56, kó o wá máa fi fáìlì ha á. Mílímítà kan tó o bá ha kúrò nínú gígùn rẹ̀ ń gbé fíríkúẹ́ńsì gòkè ní bíi 40 MHz, o rí i pé méjì péré fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo àyè náà tán. Fara balẹ̀, ohun tá a gé kúrò kì í ṣe é lẹ̀ padà.

Àárín tó o so wáyà mọ́ ni ibi tó kú jù lára patch. Ọ́ọ̀mù ibẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná tó, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, o kàn pa wáyà méjèèjì, ti inú àti ti ìta, pọ̀ ni. Etí rẹ̀ ga jù, ó lè kọjá 150. Nǹkan bí mílímítà 10 sí àárín lo ti máa rí 50 tí ráútà ń fẹ́, ìhà tó o bá sún un sí yẹn náà sì ni gígùn tó o máa ha. Wáyà rẹ kò gbọ́dọ̀ gùn: irú wáyà tí wọ́n ń pè ní RG-58 ń jẹ nǹkan bí 1 dB (ìwọ̀n tá a fi ń ka agbára tó sọnù) ní mítà kan, tó bá fi máa di mítà 3, ìdajì agbára ti lọ.

Tó o bá fẹ́ ra NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi fíríkúẹ́ńsì antẹ́nà hàn, láti fi wọ̀n ọ́n, wo fíríkúẹ́ńsì tó ga dé kó o tó sanwó. Ọ̀pọ̀ èyí tó pọ̀ lọ́jà ò dé 2400 MHz. Bí kò bá sí, lo áàpù tó ń fi dBm, ìyẹn bí agbára Wáìfáì tó dé fóònù ṣe pọ̀ tó, hàn lórí fóònù, gbé fóònù sójú kan, má sì dúró síwájú rẹ̀. -60 dára ju -75 lọ.

Kó o tó gé ohunkóhun, ṣé páànù kọ́ ni ògiri ìsọ̀ rẹ? Wáìfáì kì í la páànù kọjá, pákó tútù tí wọ́n tò jọ náà sì ń mu ún. Gbé ráútà yẹn sójú fèrèsé tó kọjú sílé ná. Ó ṣeé ṣe kó má ku antẹ́nà kankan tí wàá ṣe mọ́.

Bó bá sì di dandan kó o gun òrùlé, jìnnà sí wáyà iná, má sì gùn ún bí òjò bá ń ṣú. Mi ò sí níbẹ̀ láti wo iṣẹ́ rẹ, o fúnra rẹ lo máa bójú tó ìyẹn. Ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń pè ní bústà, tó ń fi agbára kún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó o tó tan án, torí ó lè da nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo àdúgbò rú.

Tó o bá ṣe é tán tí kò bá ṣiṣẹ́, kọ iye dBm tó wà tẹ́lẹ̀ àti èyí tó wà báyìí ránṣẹ́ sí mi, kó o fi fọ́tò ibi tí wáyà ti kan patch kún un. Má fi fọ́tò òrùlé ránṣẹ́, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.