Ẹ kà á dópin kí ẹ tó mú báírò: bí mo ṣe ń yẹ búlọ́ọ̀gì ẹni wò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àbúrò yín ní Bódìjà ní kí ẹ bá òun yẹ búlọ́ọ̀gì òun wò, bí òun ṣe ń kọ̀wé àti bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ ó ti mú un. Ẹ tún ní ẹ̀rù ń bà yín kó má lọ bínú. Mo fẹ́ dáhùn méjèèjì, torí mo ti ṣi iṣẹ́ yìí ṣe rí, mo sì mọ ohun tó ná ẹni tí mo ṣe é fún.

Ọdún 11 ni mo fi yẹ prúùfù, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ láti fi wá àṣìṣe, wò nílé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá. Kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé àdúrà, ìwé ọmọ iléèwé, gbogbo ẹ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ojú mi mú. Tí àmì kan bá fò, mo ti rí i. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ búlọ́ọ̀gì, èmi ni wọ́n ń sá tọ̀ wá: "Àǹtí, ẹ bá wa wò ó." Ẹni àkọ́kọ́ tó fún mi ní tiẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Apẹtẹ. Ó kọ̀wé nípa ìyá rẹ̀ tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Béèrè. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ojú ewé mẹ́rin, mo mú báírò pupa. Mo rí àṣìṣe 37. Mo to gbogbo rẹ̀ ní nọ́ńbà, mo fi ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, inú mi sì dùn pé iṣẹ́ mi pé.

Ó fèsì: "Ẹ ṣé mà." Ìyẹn nìkan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo fẹ́ padà wo búlọ́ọ̀gì náà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo padà sórí bébà mi, mo wá kà á bí ẹni tó ń kàwé, kì í ṣe bí ẹni tó ń ṣọdẹ. Nọ́ńbà 36 wà lórí gbólóhùn kan nínú ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn: "Won gbe e lo ni ojo Isegun, agbada epo si wa lori ina." Mo ti fi báírò pupa sàmì sábẹ́ "won", sábẹ́ "lo", sábẹ́ "ojo". Òkú ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ yẹn. Mo tún gbólóhùn náà ṣe, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Látìgbà náà, mi kì í fọwọ́ kan báírò nígbà tí mo bá ń ka ìwé ẹni fún ìgbà àkọ́kọ́. Orí fóònù ni mo ti máa ń kà á, láàárín ariwo, bí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún ṣe máa kà á. Mo máa ń wọ Micra láti Sángo lọ sí Dùgbẹ̀, màá jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, màá ṣí i. Tí mo bá dé Mọ́kọ́lá tí àwòrán ṣì ń yí, tí lẹ́tà kan ò tíì jáde, mo ti rí àṣìṣe tó ju gbogbo àmì tó fò lọ. Tí mo bá sì dé Dùgbẹ̀ tí awakọ̀ ní láti pè mí kí n tó mọ̀ pé a ti dé, ẹni yẹn mọ̀wé kọ. Ohunkóhun tí mo bá tún rí lẹ́yìn ìyẹn, kékeré ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwòrán kíá. Fọ́tò tí fóònù òde òní bá yà sábà máa ń wúwo tó MB 3 sí 5. Ẹni tó bá to mẹ́jọ irú ẹ̀ sójú ewé kan ti ní kí olùkà ná dátà bíi MB 30 lórí ọ̀rọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ ní kó dín fọ́tò náà kù sí bíi KB 150 kó tó gbé e sókè. Lójú fóònù, olùkà ò ní mọ ìyàtọ̀.

Ohun tó pẹ́ kí n tó mọ̀, tí mo sì fẹ́ kí ẹ mú dání ju gbogbo ìyókù lọ, ni pé ìkọ̀wé àti ìrísí kì í ṣàìsàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rù kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fi ìpínrọ̀ mẹ́ta kí èèyàn káàbọ̀ kó tó débi ọ̀rọ̀, òun náà ló máa fi àwòrán gàgàrà dí òkè ojú ewé, tí ẹ ó máa fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù títí kí ẹ tó rí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń fi òwe mẹ́rin gbé gbólóhùn kan ró, ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó bá àwọ̀ mẹ́fà lójú ewé rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kò dá lójú, lẹ́tà rẹ̀ á rí tínńtín, á rí bí eérú lórí funfun, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. Nítorí náà, tí mo bá ti rí àìsàn náà níbì kan, màá wá a lọ síbì kejì.

Lọ́dọ̀ ọmọbìnrin àkàrà yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí àìsàn náà. Mo wá a lọ sí Apẹtẹ, mo bẹ̀ ẹ́. Ìwé náà ṣì wà nínú fóònù rẹ̀. A jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rèé: "Ìyá jẹ́ ẹni pàtàkì ní ìgbésí ayé gbogbo ẹ̀dá. Kò sí ẹni tí kò mọ rírì ìyá. Lónìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyá mi." Lókè rẹ̀ ni àwòrán òdòdó funfun kan wà tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò sọ pé gbólóhùn mẹ́ta yẹn ò dáa. Mo bi í pé, "Kí lo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ nílé yín?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Omi ẹ̀wà ni, Àǹtí. Wọ́n máa ń bó ẹ̀wà kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn kì í tan iná." Mo ní, "Kí ló dé tí wọn kì í tan iná?" Ó ní ìyá òun máa ń sọ pé ọwọ́ òun mọ èèpo ju ojú òun lọ.

Mo ní kó kọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Ó kọ ọ́: "Aago mẹ́rin ìdájí ni ìyá mi máa ń bó ẹ̀wà. Inú òkùnkùn ló ti máa ń bó o, torí ó ní ọwọ́ òun mọ èèpo ju ojú òun lọ." Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó gòkè lọ síbi òdòdó funfun yẹn, ó pa á rẹ́. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan nípa òdòdó. Fọ́tò agbada ìyá rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ dúdú kirikiri, ló fi dípò rẹ̀, ó sì fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ìtàn ti parí.

Ti lẹ́tà eérú tí mo mẹ́nu bà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tó wu olúkúlùkù nìkan. W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ti fi òdiwọ̀n sí i: ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kékeré àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 4.5 sí 1. Ohun tí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹ ò bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ dúró sí Ìwó Road ní aago kan ọ̀sán, ẹ ṣí i sójú oòrùn. Bákan náà ni ti bí lẹ́tà ṣe tóbi tó. Pixel (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lójú fóònù) 16 ló sábà máa ń jẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Àwọn kan á dín in kù sí 12 kí ojú ewé lè fínjú, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa tí ọ̀rọ̀ náà wà fún gan-an ò ní rí i kà.

Àmì ohùn ńkọ́? Ibí ni mo ti ń pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni ìkọ̀wé àti ìrísí ti pàdé lójú kedere. Ọkùnrin kan kọ ìtàn ilé ẹbí wọn, ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Ogun Baba Wa", láìsí àmì kankan. Mi ò mọ̀ bóyá ogún tí bàbá fi sílẹ̀ ni àbí ogun tí bàbá jà. Ìtàn náà sì ní méjèèjì nínú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sàmì. Ó ní òun sàmì sí gbogbo rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú fóònù ló bà á jẹ́: àmì orí ń sá lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn di àpótí òfìfo. Ojú tì í, ló bá yọ gbogbo àmì kúrò.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń mọ lẹ́tà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ọ" ní tirẹ̀, "ṣ" ní tirẹ̀, "é" àti "ò" náà ní. Àmọ́ "ẹ́" àti "ọ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ṣe ni wọ́n máa ń gbé àmì kan lé èkejì lórí, fọ́ǹtì, ìyẹn irú ojú lẹ́tà tí ẹ bá lò, ló sì máa mọ bí wọ́n ṣe máa jókòó. Fọ́ǹtì tí ẹni tó ṣe é kò ro tiwa mọ́ ọn ò lè ṣe é. Theme, ìyẹn àwòṣe ojú ewé, tí ọkùnrin yìí fowó rà, fọ́ǹtì tó bá a wá lẹ́wà gan-an, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. A pààrọ̀ rẹ̀ sí Noto Sans. Charis SIL náà dáa, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Bóyá Blogger ni àbúrò yín fi ń ṣe búlọ́ọ̀gì rẹ̀ o, bóyá WordPress ni, kò ṣòro láti pààrọ̀ fọ́ǹtì. Fún títẹ̀ ẹ́, Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google fún fóònù, ní Yorùbá nínú.

Gbólóhùn tí mo fi ń dán fọ́ǹtì wò ni ìyẹn tí gbogbo wa fi ń dán ẹnu ara wa wò ní kékeré: Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn lọ́pọlọ ju ọ̀pọ̀lọ́ lọ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé náà. Fọ́ǹtì tí kò bá dáa, kò ní dé ìdajì rẹ̀ kó tó tú.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àmì padà. Àkọlé di "Ogún Baba Wa". Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin náà pè mí, ó ní òun ti fi gbólóhùn kan kún un tí òun ò lè kọ tẹ́lẹ̀: "Ogún tí bàbá fi sílẹ̀ ló di ogun tí à ń jà." Láìsí àmì, gbólóhùn yẹn ò lè dúró. Fọ́ǹtì tó bà jẹ́ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kọ ọ́.

Àgbàlagbà ńkọ́, tó ń kọ "nwọn", "aiye", "enia"? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn níléèwé nìyẹn, kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Olùkọ́ àtijọ́ kan wà tí mo ń bá yẹ tiẹ̀ wò. Mo kàn máa ń rí i pé bó ṣe kọ ọ́ lókè náà ló kọ ọ́ nísàlẹ̀.

Ó wá ku ti ìbínú. Ẹ má sọ fún àbúrò yín pé "ó dára". Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yẹn ràn lọ́wọ́ rí, ó sì máa ń jẹ́ kí ohun tó bá tẹ̀ lé e dà bí ẹ̀gún. Ẹ mú gbólóhùn kan tó wọ̀ yín lára, ẹ tún un sọ fún un bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Á mọ̀ pé ẹ kà á. Lẹ́yìn náà ẹ mú àìsàn kan ṣoṣo, èyí tó jẹ́ pé tí ó bá lọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Àṣìṣe àkọtọ́, ẹ pa á mọ́ dọjọ́ mìíràn, ẹ má sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i.

Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má fi ránṣẹ́ rárá. Ẹ lọ bá a ní Bódìjà. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló ń kọ ọ́ fún, kó dárúkọ ẹnì kan pàtó tó mọ̀. Kí ẹ wá gba fóònù rẹ̀, kí ẹ kà á sókè sí i létí, jẹ́jẹ́, láìdá sí nǹkan kan. Níbi tí ohùn yín bá ti kọsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n tún ibẹ̀ yẹn ṣe." Tó bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé fóònù náà padà lé e lọ́wọ́.